Ẹ̀kọ́ Àwọn Dókítà Tí Ń Du Ẹ̀mí Mọ́ Ikú Lọ́wọ́

Ìlú tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí, ewu a máa pọ̀ níbẹ̀. Òtítọ́ yìí kò sì fara sin ní Warri, ìlú epo, ìlú ọkọ̀ ojú omi, ìlú àwọn ènìyàn tí wọ́n máa ń yangàn pé ará Warri kì í gbẹ̀yìn nínú ohunkóhun. Ekurede-Urhobo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ìlú ńlá náà ti gbà mọ́ra: àwọn Urhobo, tí ọmọ wọn kì í rí àgbà kí ó má kúnlẹ̀ kí i ní “mígwo”, ni ó ń jẹ́ orúkọ mọ́ ọn, àwọn Itsekiri, tí èdè wọn àti èdè Yorùbá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kò jìnnà sí wọn, Yorùbá tí òwò gbé débẹ̀ kò sì ṣòro í rí. Bí ilẹ̀ bá ṣú ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aboyún kan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí ọkọ̀ sáré kọlu ọmọ ẹni lójú títì, tàbí tí iná gáàsì bú gbàmù mọ́ ẹni tí ń dáná, àwọn ará ilé yóò gbé e dìgbà-dìgbà lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wọn. Bí ọ̀ràn bá sì kọjá agbára ibẹ̀, wọn yóò ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Delta ní Oghara, tàbí kí wọ́n tẹ̀ síwájú dé ti Yunifásítì Benin, tí ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí Warri. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ojú ọ̀nà yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó máa dúró dè wọ́n ní òpin ìrìn náà ni.

Ẹni náà ni dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí àìsàn ti gbé dé ẹnu bodè ikú, tí ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ yàrá ìtọ́jú àkànṣe, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ICU. Nínú wọ́ọ̀dù lásán, nọ́ọ̀sì kan lè máa tọ́jú aláìsàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà a sì máa yí wọn wò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ní ICU, ohun tí wọ́n ń lépa ni kí nọ́ọ̀sì kan dojú kọ aláìsàn kan ṣoṣo, kí dókítà má sì jìnnà sí i lọ́sàn-án lóru, nítorí pé ohun tí yóò pa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ìṣọ́ yìí gan-an ni ó sì jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé dókítà kì í ṣe dókítà ni? Dókítà ọkàn ń bẹ, dókítà kíndìnrín ń bẹ, oníṣẹ́ abẹ ń bẹ. Kí ni a tún ń fi òmíràn ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí àìsàn bá le dé ojú ẹ̀, àwọn ẹ̀yà ara a máa bá ara wọn jà. Omi tí kíndìnrín ń bẹ̀bẹ̀ fún lè jẹ́ omi tí yóò kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tí a fi gbé ẹ̀jẹ̀ sókè kí ọpọlọ má baà kú lè fún iṣan ìka ẹsẹ̀ pa. Oorun tí a fi kun aláìsàn kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì. Oníkálukú nínú àwọn àgbà oníṣègùn wọ̀nyẹn ni yóò wá gbèjà ẹ̀yà ara tirẹ̀, yóò kọ àṣẹ tirẹ̀ sínú ìwé, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò wo odindi ènìyàn, tí yóò mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ gbà là àti èyí tí a lè fi ara dà títí di ọ̀la. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń bá bọ̀ wá sáyé. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà kò sì tíì pẹ́ láyé. Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú ìlú Dẹ́ńmáàkì, pẹ̀lú irú ìbínú tí àwọn ará ibẹ̀ kò rí rí. Kì í ṣe apá àti ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń rọ. Ó ń rọ iṣan tí a fi ń mí àti èyí tí a fi ń gbé itọ́ mì, àwọn ọmọdé sì ń kú nítorí pé èémí kò lè wọlé mọ́. Ilé ìwòsàn Blegdam tí ń gbà wọ́n kò ní ju ẹ̀rọ onírin ńlá kan àti mẹ́fà kéékèèké tí a ń dè mọ́ àyà lọ, nínú àwọn 31 àkọ́kọ́ tí wọ́n sì fi wọ́n tọ́jú, 27 ló kú. Nígbà tí ọ̀ràn náà fẹ́ bọ́ sórí, ọ̀gá ibẹ̀, Lassen, gbà láti ránṣẹ́ pe Bjørn Ibsen, dókítà akunnilóorun, ẹni tí àwọn ènìyàn gbà nígbà náà pé iṣẹ́ irú rẹ̀ kò kọjá yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, Ibsen ní kí wọ́n dá ihò sí ọ̀fun ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan tí ó ti ń pọ̀kàkà ikú, ó ti ọ̀pá rọ́bà bọ inú ihò náà, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ títí àwọ̀ ara ọmọ náà fi padà sípò lójú gbogbo àwọn tí wọ́n ti ń ṣiyèméjì. Ẹ̀rọ tí ó lè máa ṣe iṣẹ́ yẹn fún ogunlọ́gọ̀ kò sí. Wọ́n bá ké sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, nǹkan bí 1,500 wọn, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lẹ́bàá ibùsùn lọ́sàn-án lóru fún oṣù bíi mélòó kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mí fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn tí ń kú, tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, wá di ẹni tí kò tó ìdajì mọ́. Nígbà tí ọdún 1953 yóò fi parí, Ibsen ti dá yàrá kan sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn mìíràn nínú ìlú náà, èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ìṣègùn kà sí ICU àkọ́kọ́ láyé.

Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ àti ojú ènìyàn ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà kí ẹ̀rọ tó dé. Nígbà tí ẹ̀rọ sì dé tán, ọwọ́ ènìyàn náà ni ó tún ń pinnu ẹni tí yóò yè. Ní ọdún 2000, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí 861 aláìsàn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń bá wọn mí. Apá kan nínú wọn ni wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àtijọ́, mílílítà 12 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara tí gíga wọn fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n ní. Apá kejì ni wọ́n ń fún ní ìdajì rẹ̀, mílílítà 6. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́, nǹkan bí 40 ló kú; nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ìkejì, 31. Ẹ̀rọ kan náà ni, iná kan náà ni, ọ́síjìn kan náà ni. Ìmọ̀ ẹni tí ó yí bọ́tìnnì ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá rí àwọn ìjòyè ìlú tí wọ́n to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ níwájú ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi rìbọ́nù dì, tí àwọn oníròyìn ń ya wọ́n ní fọ́tò, ohun tí ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Peter Safar, dókítà akunnilóorun tí a bí ní Vienna, wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹ̀kọ́ yìí di ohun tí ó ní ìlànà: ó dá ICU sílẹ̀ ní Baltimore ní ọdún 1958, nígbà tí ó sì ṣí lọ sí Pittsburgh, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn dókítà tí wọ́n ti gboyè, kí wọ́n wá fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó ti iṣẹ́ yìí nìkan. Òun àti Max Harry Weil àti William Shoemaker wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìtọ́jú àkànṣe sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1970. Lónìí, ẹ̀kọ́ àṣekún náà ni wọ́n ń pè ní fẹ́lóṣíìpù níbẹ̀, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ẹni tí ó bá ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ ìṣègùn inú ara yóò fi méjì sí i, tàbí mẹ́ta bí ó bá fẹ́ kọ́ ti ẹ̀dọ̀fóró mọ́ ọn. Ọdún kan ni ti akunnilóorun àti ti oníṣẹ́ abẹ, nítorí pé wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ tiwọn tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti dá ẹ̀ka àgbà fún ìtọ́jú àkànṣe sílẹ̀ ní ọdún 2010, ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí jẹ́ iṣẹ́ òun gan-an yóò fi bí ọdún méje kọ́ ọ.

Nílé níbí, ọwọ́ àwọn dókítà akunnilóorun ni ọ̀pọ̀ ICU wà. Ọ̀nà wọn gùn. Ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá sọ ọ́ di mẹ́jọ. Ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà. Ọdún kan ìsìnrú ìlú. Lẹ́yìn èyí ìdánwò àbáwọlé, ìdánwò apá kìn-ín-ní, ìdánwò apá kejì, àti ìwé ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró níwájú àwọn olùdánwò láti gbèjà rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ni ó ń fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀kọ́ náà: ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí Òfin 67 ti ọdún 1979 dá sílẹ̀, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìjánikin lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ní ẹ̀ka ìkunnilóorun, tí ó sì ń dán àwọn ọmọ Ghana, Sierra Leone àti àwọn aládùúgbò wa mìíràn wò pẹ̀lú tiwa. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà: Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, tí UCH ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1957, Èkó Akétè, níbi tí LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, Ifẹ̀, Ìlọrin, Benin. Ẹni tí ó bá gba oyè tán di kọ́ńsọ́tánǹtì, ICU sì wà lára ohun tí ó kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ICU nìkan sábà máa ń di ẹrù rẹ̀ lọ sí South Africa, Íńdíà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ àṣekún. Níbẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀, n ó sì padà sórí rẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń kọ́ ní tòótọ́? Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ ń kọ́: bí a ṣe ń ti ọ̀pá gba ọ̀fun ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì kún ẹnu rẹ̀, bí a ṣe ń wá ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lọ́rùn láìgún ẹ̀dọ̀fóró tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń gbé ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara lé àyà kí a lè mọ̀ bóyá ọkàn ni ó rẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Ojú a sì máa kọ́ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun a máa wo nọ́ńbà tí ń tàn lójú ẹ̀rọ. Àgbà a máa wo aláìsàn: àwọ̀ èékánná, bí ikùn ṣe ń lọ sókè sódò, ìtọ̀ tí ó ti dín kù láti wákàtí méjì sẹ́yìn. Bí atukọ̀ ojú omi Warri ṣe máa ń jókòó sẹ́yìn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí omi bá ń ru, tí ó fi àjẹ̀ lé e lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ tirẹ̀ kò jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńsọ́tánǹtì ṣe ń fi ọmọ ẹ̀kọ́ síwájú. Àgbà kì í sáà wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo ohun tí ó bá ṣe ni yóò kọ sínú ìwé, tí ọ̀gá yóò fọwọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹnu lásán sọ pé òun mọ iṣẹ́.

Ẹnu ni ó ṣòro jù láti kọ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ICU ni àwọn ẹbí ń sùn sí, lórí ẹní àti lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ike omi àti báàgì ọ̀rá tí ìwé owó oògùn kún inú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni wọn yóò dìde. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé yóò yè é?” Dókítà ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni yóò dá bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lóhùn, òtítọ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ sọ, ṣùgbọ́n bí ọmọlúwàbí ṣe ń sọ òtítọ́ fún àgbà: yóò bẹ bàbá kí ó jókòó, òun náà yóò lóṣòó tàbí kí ó jókòó, yóò béèrè ohun tí bàbá ti mọ̀, kí ó tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ibi tí ọ̀ràn dé. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò ní sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe mọ́, tí ẹbí kò fẹ́ gbọ́ pé kí a dá a dúró, tí ẹlòmíràn sì ń retí ibùsùn náà ní wọ́ọ̀dù ìrọbí. Ta ni a ó fi í fún? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára ń kọ́ ọmọ wọn ní ìpinnu yìí gan-an, wọn kì í fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ láàárín òru. Èrò tèmi ni pé ẹ̀kọ́ yìí nìkan tó ìdí láti máa ṣe fẹ́lóṣíìpù.

Àwọn ará Delta kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi àpẹẹrẹ òkèèrè kọ́ wọn ní pàtàkì ohun tí à ń sọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, ọ̀pá epo tí ó ń jò bú gbàmù ní Jesse, nítòsí Sapele, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti ń gbọ́n epo. Àwọn tí ó bá a lọ ju 1,000 lọ. Ọ̀pọ̀ kò kú ní ojú ẹsẹ̀. Iná a máa pa ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀fun tí ó mí iná sínú yóò wú láàárín wákàtí mélòó kan títí èémí yóò fi dí, omi ara yóò máa gba ojú egbò jáde títí kíndìnrín yóò fi dákẹ́, bí ọ̀sẹ̀ bá gorí ọ̀sẹ̀, kòkòrò àrùn yóò gba ojú egbò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ikú mẹ́ta yìí ni ó ní ìgbà tí ẹni tí ó mọṣẹ́ fi lè dènà rẹ̀, ìgbà náà a sì máa kọjá. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ kún inú àwọn ilé ìwòsàn agbègbè náà ju agbára wọn lọ, a sì tún gbọ́ pé àwọn kan sá kúrò lórí ibùsùn nítorí ìbẹ̀rù pé ìjọba yóò mú wọn fún ẹ̀sùn olè epo. Jíjó epo kò tíì dópin ní agbègbè yẹn. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Èyí tí a ti rí tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tí ń ṣẹ́jú, ọ́síjìn tí ń tán nínú sílíńdà, àti owó tí ẹbí gbọ́dọ̀ kà sílẹ̀ kí a tó ṣí oògùn, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ̀ wọ́n. Bí ọdún 2020 ti korona sì ṣe tú àṣírí wọn kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àwọn ènìyàn náà fúnra wọn. Muhammad Ali Pate, gẹ́gẹ́ bí mínísítà fún ètò ìlera, sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 2025 pé nǹkan bí 16,000 dókítà ni ó fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Àwọn dókítà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ju 10,000 lọ. Èmi kò bá ẹni tí ó lọ jà. Ẹni tí ó ń ṣọ́ aláìsàn mẹ́fà lóru pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì, tí owó oṣù rẹ̀ sì ń dé bí òjò ọ̀gbẹlẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìdúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ kan bá lọ, kì í ṣe dókítà kan ni ó lọ. Gbogbo ọmọ tí ì bá kọ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i ni ó bá a lọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì a sì máa gba àṣẹ ìkọ́ni kúrò lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tí olùkọ́ rẹ̀ kò bá tó iye mọ́.

Nítorí náà, ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ kò fara sin. Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Delta, àti àwọn ilé iṣẹ́ tí ń wa epo lẹ́yìnkùlé àwọn ènìyàn, yan àwọn dókítà ọ̀dọ́ tí ilé wọn wà ní Warri àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n gbọ́ Urhobo, Itsekiri, Ijaw tàbí Pidgin tí aláìsàn fi ń kígbe ìrora. Kí wọ́n san owó ẹ̀kọ́ wọn ní Benin tàbí ní Ìbàdàn, kí wọ́n rán àwọn kan lọ kọ́ àṣekún ní òkèèrè pẹ̀lú ìwé àdéhùn pé wọn yóò padà wá kọ́ ẹlòmíràn ní Oghara. Kí owó tí wọn yóò sì padà wá bá jẹ́ owó tí ènìyàn lè fi tọ́ ọmọ. Kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ wọn, nítorí dókítà ICU tí kò ní nọ́ọ̀sì ICU kò ní ojú kejì. Owó ẹ̀rọ mélòó kan tí ń jókòó nínú páálí tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ekurede-Urhobo, nílé àti lẹ́yìn odi, àti ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ ń bá wọn gbé, ọwọ́ yín náà wà nínú ọ̀ràn yìí. Bí wọ́n bá tún pè yín sí ibi tí wọ́n ti ń ṣí ẹ̀rọ tuntun ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùdarí orúkọ dókítà tí yóò dúró ti ẹ̀rọ náà ní aago méjì òru, àti orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ.